Ikọ́ Àràárọ̀

Ìyá arúgbó náà ki ìṣẹ́tí ìró bọ ẹnu. Ikọ́ ń họ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Àwọn tó ń kó oníkọ́ lọ sí ahéré ẹ̀yìn odi Ẹdẹ ti wọ agboolé. Lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn yìí, ta ni yóò gbà pé ikọ́ tòun ti pé ogún ọdún?

Wọ́n kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó fẹ́ mí kanlẹ̀.

"Ẹ padà o!" Kúlúsúmù, aládùúgbò rẹ̀, ló ń ké lẹ́yìn ògiri. "Ikọ́ Ìyá ló máa ń jí mi láràárọ̀. Lónìí, n ò gbọ́ ọ. Yéè, Ìyá ti lọ!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin méjì wọlé: ọ̀kan gbé ẹní tí wọ́n fi ń wé òkú, èkejì gbé ọkọ́.

Ìyá lanu láti ké pé òun ò tíì kú.

Ikọ́ ló jáde.