Bàtà Tísà Akínlolú Lórí Àpáta

Ẹ má tíì gbé ìwé yìí sílẹ̀, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ti sú mi láti máa fi ẹnu sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

1. Ní ọdún 1958, Tísà Akínlolú ti Kámẹrúùnù dé sí Ifísìn, ìlú wa. Ó ní òun gun òkè tó ń yọ iná lẹ́nu, òun sì yọjú wo inú rẹ̀. A gbọ́. Ṣé ó wá yẹ kó máa sọ ọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, títí dé ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì? Ó ní kòtò ńlá orí àpáta ẹ̀yìn ìlú wa náà, iná ló gbẹ́ ẹ, òun á lọ wò ó. Ó mú Beatrice, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, dání. Ọjọ́ méjìlá péré ló kù kí Beatrice lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn.

2. Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Ìyá Àrínọlá, tó ti ń sá èlùbọ́ lórí àpáta yẹn láti ìgbà ọmọge, pàdé wọn nísàlẹ̀.

"Tísà, bọ́ bàtà rẹ. Ibi tí omi ń gbà tó dúdú yẹn, má tẹ̀ ẹ́ títí oòrùn á fi gbẹ ẹ́."

Ẹ gbọ́ èsì ẹni tó kàwé: "Màmá, Kìrìsìtẹ́nì ni mí. N kò ní bọ́ bàtà fún òrìṣà òkè."

"Ta ló dárúkọ òrìṣà? Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ẹsẹ̀ lásán ló ń di àpáta mú. Ọmọ ulé onílé ló tẹ̀ lé ọ o."

Beatrice bọ́ bàtà tirẹ̀. Akínlolú fi í rẹ́rìn-ín, ó wọ bàtà tí wọ́n kan ìṣó mọ́ lábẹ́ gòkè lọ.

3. Létí kòtò, ó tẹ ojú ibi dúdú tí omi ń gbà. Bàtà yọ̀. Kí ló dì mú? Ọwọ́ Beatrice. Àwọn méjèèjì yí wọnú kòtò, Beatrice ló wà nísàlẹ̀. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Ti Akínlolú ńkọ́? Ìgunpá rẹ̀ bó. Ìgunpá lásán.

4. Oṣù mẹ́rin ni Beatrice fi dùbúlẹ̀ ní ọsibítù. N'Ìbàdàn, wọ́n ti fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀. Ó ń tiro títí dòní.

Akínlolú sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. "Beatrice, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín, Bùrọ̀dá. Ṣùgbọ́n èmi bọ́ bàtà tèmi, àbí n kò bọ́ ọ?"



Ẹ̀yin tí ẹ ti òkèèrè dé, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ràn sí ẹni tó mọ ilẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí àgbà bá ní ká ṣe ni ìbọ̀rìṣà. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ gbọ́, ẹ má di ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ mú. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.