Èsì Lẹ́tà Oyèdọkun

Láàárọ̀ Jímọ̀, bí mo ṣe ń mu ògì lọ́wọ́, ẹ̀rọ akọ̀wé mi ka lẹ́tà Oyèdọkun ọ̀rẹ́ mi sí mi létí. Láti ìgbà tí ojú mi ti di bàìbàì, òun ló ń bá mi kà á, òun ló ń bá mi kọ ọ́. Ogójì ọdún la ti fi ń jiyàn lórí ikú: mo ní òpin ni, ó ní ìrìnàjò ni. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní, “Àjàní, ìwọ lo jàre.”

Oyèdọkun? Kò jẹ́ gbà fún mi láyé!

Mo pe ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀, ó di ilé Oyèdọkun ní Ìkìrun. Mojírádé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kúnlẹ̀ kí mi.

“Bàbá rẹ ńkọ́?”

“Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti kú, sà. Ẹ̀rọ akọ̀wé wọn tó ń kọ lẹ́tà la ò tíì lè pa.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi?”

“A kọ̀wé sí yín, sà. Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn yín la kà létí sàréè. Gbogbo wa la sunkún.”

Mi ò kọ lẹ́tà kankan.

Nígbà tí mo padà délé, ẹ̀rọ akọ̀wé mi kí mi káàbọ̀. Ó ní òun ti bá mi fèsì fún Oyèdọkun.