Irun Àlàájà

"Ẹ má jókòó, Àlàájà. Ìrìn keje rèé, òun ló kẹ́yìn."

"Ẹsẹ̀ mi ti kú."

"Ẹ fara tì mí."

Láti ìgbà tí owó epo ti ń gbé àwọn arúgbó wá sí Mẹ́kà ni obìnrin amúnirìn yìí ti ń wọkọ̀ wá láti Karantina, àdúgbò àwọn tí kò níwèé ní Jẹ́dà, tó ń bá wọn rìn láàárín òkè Safa àti òkè Marwa títí wọ́n á fi parí. Kì í gba kọ́bọ̀. Kò sì ní ìwé ìgbélùú.

"Láti òní lọ, ìwọ lọmọ mi," ni Àlàájà ń wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ, ilẹ̀ ni ǹ bá wà."

Wọ́n dé Marwa. Ó ku kí wọ́n gé díẹ̀ nínú irun Àlàájà kó lè bọ́ nínú ìhárámì, ipò mímọ́ tí kò ti gbọdọ̀ dẹ́ṣẹ̀. Bí amúnirìn ṣe yọ àlùmọ́gàjí ni ọlọ́pàá dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kó mú ìwé wá.

"Ìyá mi nìyí," ló fi èdè Lárúbáwá sọ. "Ìwé mi wà lọ́wọ́ àwọn tó kó wa wá." Ó yíjú sí Àlàájà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mirí fún un pé ọmọ yín ni mí. Wọ́n á dá mi padà sílùú wa lónìí, ọmọ ọwọ́ mi sì wà ní Karantina."

Ọlọ́pàá wo Àlàájà. Àlàájà mirí pé rárá.

"Mo ṣì wà nínú ìhárámì," ó ní. "Mi ò lè parọ́."

Ọlọ́pàá ti ń wọ́ amúnirìn lọ kí Àlàájà tó figbe ta.

"Ẹ dúró ná! Ẹ jẹ́ kó gé irun mi kẹ́ ẹ tó mú un lọ!"