Ẹni Tó Lá Erùpẹ̀ Aṣálẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá rí erùpẹ̀ tí wọ́n sá sóòrùn, ẹ yáa kọjá o! Àyà ọlọ́dẹ kan ń já n'Ífẹ̀, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọ̀gá rẹ̀ obìnrin dúró ti erùpẹ̀ tí odò aṣálẹ̀ gbé jọ, tí wọ́n kó wá síbi ìwádìí ilẹ̀ láti yẹ̀ wò.

"Bàbá, ta ló lá èyí?"

"Àgbò ni, mà. Sábó ló ti já wá."

"Ṣé ó lá erùpẹ̀ Ilare tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Rárá o. Ìyẹn ò níyọ̀."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Áà! Erùpẹ̀ oníyọ̀ nìyí, a ti mọ ìsọ̀rí ẹ̀!" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ipa ìka hàn án lójú erùpẹ̀ kúnnákúnná náà. "Bàbá, ìgbà wo làgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fìka tọ́ nǹkan wò?"

Bàbá sáré fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè rẹ̀ tí iyọ̀ erùpẹ̀ ti sọ di funfun.