Òkúta Tó Ń Jẹ́ Àlàmú

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ láàárín àwọn òkè aginjù nígbà tí Morẹ́nikẹ́ rí òkúta tí iná abẹ́ ilẹ̀ bì jáde láyé àtijọ́. Ó dúdú, ihò kún ara rẹ̀ bí àkàrà tó jóná. Iṣẹ́ Morẹ́nikẹ́ ni láti sọ irú òkúta bẹ́ẹ̀ lórúkọ.

"Àlàmú, mo ti fi oríkì yín sọ òkúta lórúkọ o!" ó kígbe sí ọkọ rẹ̀ tó ń dáná lẹ́nu àgọ́.

"Ṣé torí pé orí mi le ni?"

Morẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi òòlù gbá òkúta náà. Ọkọ rẹ̀ figbe ta. Nígbà tó sáré débẹ̀, iwájú orí ọkọ ti là, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú ìkòkò.

Ó ju òòlù nù, ó gbá a mọ́ra.

"Mi ò ní fọwọ́ kan òkúta náà mọ́."

Lẹ́yìn òkè, níbi tí kò sí ènìyàn kankan, òòlù mìíràn dún lára irú òkúta kan náà. Apá Àlàmú kán mọ́ Morẹ́nikẹ́ lọ́wọ́.