Ẹ̀jẹ̀ Ọkọ Phebe

Kò, kò, kò: bàtà nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù Iléṣà ṣì ń dún létí akọ̀wé rélùwéè kan. Lọ́jọ́ náà, oyún tó jókòó síta ilé ọmọ ló bẹ́ sí Phebe ìyàwó rẹ̀ nínú.

"Ọkọ rẹ̀ dà? Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ la fẹ́ gbà!" ni nọ́ọ̀sì ń ké.

Akíkanjú ọkọ ti wà lẹ́yìn ṣalángá. Nígbà tó máa yọjú, ẹ̀jẹ̀ ti ń kán wọ Phebe lára. Ìyá ìyàwó kúnlẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ yín ló gbà á là!"

"Kò tó nǹkan, Màámi."

Ọdún márùn-ún ló fi jẹ iyán ìdúpẹ́. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Phebe, àna ránṣẹ́ pè é ní Kánò tó ti ń ṣiṣẹ́ pé kó wá fún un lẹ́jẹ̀. Ó tẹ wáyà:

"Ẹ tètè wá ẹlòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sí Phebe níkùn ni dókítà bù, ó sẹ́ ẹ bí ògì, ó dá a padà sí i lára. Èmi, ńṣe ni mo sá."