Rédíò Tí Wọ́n Fẹ́ Rà Fún Bọ́lájí

Theodora kọ̀, kò jókòó. Mọ̀núrù, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ti nu àga fún un lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n obìnrin náà dúró gbọn-in bí òpó nínú aṣọ dúdú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ àwọn rédíò tó wà lórí káńtà. Rédíò tí àwọn sójà lò nígbà ogun ni. Méjì-méjì ni wọ́n ń tà wọ́n, kí ẹni méjì tí wọ́n jìnnà síra wọn lè máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ní gbogbo Ìdúmàgbò, Mọ̀núrù nìkan ló ní in.

"Èyí ti wúwo jù," ni Lázárò wí. "Ta ló máa gbé òkúta bẹ́ẹ̀ wọgbó?"

Mọ̀núrù ti òmíràn sún mọ́ ọn.

"Èyí náà ńkọ́?" ni Lázárò tún wí. "Igbó yóò gbé ohùn rẹ̀ mì ni."

"Ẹ ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀, Bọ̀dá Lázárò," ni Theodora wí. "Àbí igbó ti wá bá yín ní Ìdúmàgbò ni?"

Mọ̀núrù rẹ́rìn-ín. Theodora kò rẹ́rìn-ín rárá.

Lázárò ni olórí àwọn ọkùnrin Pópó Àgùdà tí wọ́n máa ń lọ ṣọdẹ lọ́nà Ẹ̀pẹ́ ní gbogbo Sátidé. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí wọ́n gbé Ignatius, ọkọ Theodora, ti igbó náà bọ̀ wá sílé lẹ́yìn ọkọ̀. Ambrose tí wọ́n jọ rìn lọ́jọ́ náà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù báyìí, ló yìnbọn fún un. Ó ní òun rí ewé tó ń mì, òun pè, ẹnikẹ́ni kò dáhùn, òun sì rò pé àgbọ̀nrín ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Lázárò náà ṣe sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ambrose sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Láti ìgbà náà, ohun tí ìyekan kò ṣe fún opó ló ń ṣe. Òun ló tún òrùlé ilé rẹ̀ ṣe, òun ló ń fi mọ́tò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó sọ pé òun fẹ́ fi í ṣaya tó bá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, Theodora kò sọ pé rárá. Bọ́lájí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló sọ bẹ́ẹ̀, tó sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ Ambrose lójú.

Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ wọn kò gba àríyànjiyàn. Bí ọdẹ bá kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní í gbé ìbọn rẹ̀, ẹni tí bàbá bá rìn kẹ́yìn ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ bá rìn. Bọ́lájí ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ti fi epo nu ìbọn bàbá rẹ̀. Theodora wá búra pé ọmọ òun kò ní fẹsẹ̀ kan igbó àfi tí ọmọ náà àti ẹni tí wọ́n jọ máa rìn bá ní rédíò lọ́wọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni Ambrose gbà, ó ní òun ni òun máa rà á. Lázárò nìkan ló ń fà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹrin, ó ní òjò ń bọ̀. Ní oṣù kẹfà, ó ní ìjọba kò fẹ́ kí ará ìlú máa lo rédíò sójà. Lónìí, ó ń wá àbùkù kiri bí ẹni tó ń ṣa kòkòrò nínú ẹ̀wà.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jókòó sílé, Ìyá Bọ́lájí," ni Lázárò wí. "Iṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń ṣe dára. Igbó kò sá lọ."

"Kí gbogbo Pópó Àgùdà lè máa pè é ní ojo?" Theodora gbá káńtà. "Ẹ̀yin lẹ kó wọn lọ lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú! Ẹ padà wálé, ẹ jẹun, ẹ sùn. Rédíò péré ni mo ní kí ẹ bá mi yàn, kí wọ́n má tún gbé òkú ọmọ wá bá mi, ẹ wá ń ṣu ẹnu pọ̀. Irú ọkàn wo lẹ ní gan-an?"

Lázárò wo ilẹ̀.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àgbà ni wọ́n," ni Ambrose wí jẹ́jẹ́. "Mọ̀núrù, mú èyí tó dára jù wá. Èyí tí Bọ́lájí á fi lè máa sọ ibi tó dúró sí gan-an fún mi."

Mọ̀núrù gbé èyí tó kẹ́yìn wá. "Ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí mọ́lẹ̀ tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá sọ tán, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀."

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún," ni Ambrose wí. "Wọn ò tíì bí ẹ tí mo ti ń lo tẹlifóònù."

Ambrose mú ọ̀kan, ó fa Lázárò lápá pé kí àwọn lọ dán an wò. Àwọn méjèèjì rìn títí wọ́n fi yà sọ́nà Adéníji Adélé, ojú kò tó wọn mọ́. Theodora di èkejì mú.

"Ìyá Bọ́lájí, Ambrose nìyí. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ó mọ́ kedere bí ẹni pé inú ṣọ́ọ̀bù ló wà. Theodora mí kanlẹ̀. "Dì í fún wa," ó sọ fún Mọ̀núrù. "Òun la máa mú. Sátidé yìí ni wọ́n máa lọ."

Ó tẹ bọ́tìnnì, ó dáhùn. Èsì kò wá. Ṣùgbọ́n rédíò náà kò dákẹ́: aago kẹ̀kẹ́ dún nínú rẹ̀, ẹnìkan ń kiri ẹ̀kọ tútù, lẹ́yìn náà ni bàtà ọkùnrin méjì ń lu ilẹ̀.

"Wọn ò tíì jọ̀wọ́ ẹ̀, màmá," ni Mọ̀núrù wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tẹlifóònù náà ni wọ́n pè é. Wọ́n rò pé bí àwọn ṣe gbé e kúrò lẹ́nu, ó ti parí."

Ohùn tó tún jáde, ti Lázárò ni, ó rẹlẹ̀, ó ń gbọ̀n fún ìbínú: "Ambrose, mo rí bí ìwọ àti Ignatius ṣe ń wojú ara yín kí o tó yìnbọn, mo sì parọ́ fún ọlọ́pàá nítorí rẹ, fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi."